Ojú Tí Kò Dunni: Àlàyé lórí Àyẹ̀wò Ojú ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Nígbà tí a ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera ojú, àwọn kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi bi mí pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè Yorùbá nínú iṣẹ́ dókítà. Ìbéèrè náà tọ́. Ìdáhùn mi ni pé bí àwa Yorùbá bá ti ń pe àrùn ni a ṣe ń wá ìwòsàn sí i, àti pé ní ti ọ̀rọ̀ ojú, ìpè wa kù díẹ̀ káàtó. Àrùn ojú tí ó ń rinni, tí ó ń pọ́n, tí ó ń ṣomi, gbogbo wọn ni a fún lórúkọ. Èyí tí ó ń ba ojú jẹ́ láìrinni, láìpọ́n, láìṣomi, n kò tí ì gbọ́ orúkọ kan tí ará Ọ̀yọ́ àti ará Ògbómọ̀ṣọ́ jọ fi ń pè é. Òun gan-an ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo èyí tí ó ní orúkọ. Kò sí ọmọdé tàbí àgbà láàrin wa tí kò mọ Àpólò. Ní 1969 ni àrùn yìí kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ ní Accra, olú-ìlú Gánà, kí ó tó ràn dé ọ̀dọ̀ wa àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ọdún náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ Apollo 11 gúnlẹ̀ sórí òṣùpá, ni àwọn ènìyàn bá gbé orúkọ ọkọ̀ náà fún àrùn náà. Òṣùpá kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀; kòkòrò àìlèfojúrí ni ó ń fà á. Ojú yóò pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ipin yóò bò ó, ẹni tí ó ní in kò sì ní lè fojú kan ìmọ́lẹ̀. Síbẹ̀, láàrin ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, Àpólò a máa bá tirẹ̀ lọ bí a kò bá da nǹkan burúkú sí i. Ariwo rẹ̀ pọ̀ ju ìpalára rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ni ó kọ́ wa láti ìgbà èwe pé àrùn ojú ni èyí tí ó bá ń dunni, àti pé ojú tí kò bá dunni, ojú tí ó yá ni.

Ohun tí a ń dà sí ojú ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ń kọ mí lóminú. Àwọn kan ń da ìtọ̀ sí i, àwọn kan ń fún omi ọmú sí i, àwọn mìíràn omi iyọ̀, omi ṣúgà, omi àlùbọ́sà. Àní a gbọ́ nípa karosíìnì pẹ̀lú. Èmi kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn tí ń fojú tín-ín-rín ìṣègùn àwọn baba wa, ṣùgbọ́n ewé tí a sè tí a mu yàtọ̀ sí ewé tí a fún sí ẹyinjú. Awọ tí ó wà níwájú ẹyinjú mọ́ gaara bí gíláàsì. Bí ìdọ̀tí bá dá egbò sí i, àpá tí egbò náà yóò fi sílẹ̀ a máa funfun, ìmọ́lẹ̀ kò sì ní lè gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Ní ti àwọn ìgò oògùn kéékèèké tí a ń rà láìjẹ́ pé dókítà ni ó kọ ọ́ fún wa, oògùn tí wọ́n ń pè ní steroid ń bẹ nínú òmíràn. Ó máa ń lé pípọ́n ojú lọ kíákíá, ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi fẹ́ràn rẹ̀. Bí a bá wá ń kán an fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù, ó lè dá àrùn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí sílẹ̀ lára ẹni tí kò ní in tẹ́lẹ̀.

Kí n tó dé orí rẹ̀, ó yẹ kí n mẹ́nu ba kataráàtì, nítorí pé òun ni olórí ohun tí ń gba ìríran lọ́wọ́ àwọn àgbà wa. Láàrin 2005 sí 2007, àwọn oníwádìí yí gbogbo Nàìjíríà ká, wọ́n sì yẹ ojú 13,599 ènìyàn tí ó ti tó ọmọ 40 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wò. Wọ́n rí i pé nínú 100 irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, ó lé ní 4 tí ojú wọn ti fọ́. Ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù tiwa ni ó kéré jù, 2.8 nínú 100. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí fọ́nnu, nítorí pé ẹ óò rí i láìpẹ́ pé ohun kan wà tí ó fẹ́ràn ilé wa ju ilé ẹlòmíràn lọ. Nínú gbogbo ojú fífọ́ tí wọ́n rí, 84 nínú 100 ni ó jẹ́ èyí tí à bá ti dènà tàbí tí a lè wò sàn. Kataráàtì nìkan ni ó kó 43 nínú 100.

Nínú ẹyinjú, lẹ́yìn ọmọlójú, ohun kékeré kan wà tí ó mọ́ gaara, tí ó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan. Bí a bá ti ń dàgbà, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú bí omi ẹ̀kọ, títí ọmọlójú yóò fi máa funfun. Iṣẹ́ abẹ ni oògùn rẹ̀. Kò sí ẹ̀kán oògùn kankan tí ó lè fọ̀ ọ́ mọ́. Dókítà Harold Ridley ni ó kọ́kọ́ fi awò kékeré tí a fi ike ṣe rọ́pò èyí tí ó ti bàjẹ́, ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, ní oṣù Kọkànlá 1949. Ó ti ṣàkíyèsí pé nígbà tí ike fèrèsé ọkọ̀ òfuurufú fọ́ wọ ojú àwọn awakọ̀ ogun, ojú kò bá ike náà jà. Dókítà yìí kan náà ni ó lọ wo àrùn ojú tí kòkòrò etí odò ń fà ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ṣàjèjì sí i.

Ní orílẹ̀-èdè wa, àwọn alárìnkiri kan ṣì ń bẹ tí ń ti abẹ́rẹ́ bọ ẹyinjú, tí wọ́n á fi taari ohun tí ó ti ṣú náà lọ sí ìsàlẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣe é fún lè rí ìmọ́lẹ̀, yóò sì sanwó tayọ̀tayọ̀. Kí oṣù tó yí, alábẹ́rẹ́ ti rékọjá sí ìlú mìíràn, ojú ti ń wú, ó sì ti ń lọ pátápátá. Ìwádìí tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan fi hàn pé nínú 100 ẹyinjú tí a ti ṣe iṣẹ́ kataráàtì sí, ó ju 40 lọ tí ó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn alábẹ́rẹ́ yìí. Síbẹ̀, bí kataráàtì ti burú tó, ohun tí ó bá gbà ṣì ṣeé gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀ bí a bá tọ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ lọ. Èyí tí ó kàn yìí kì í dá ohun tí ó bá gbà padà.

Glọkómà ni wọ́n ń pè é. Omi kan wà nínú ẹyinjú tí kì í ṣe omijé. Ojú fúnra rẹ̀ ni ó ń pèsè rẹ̀, ó sì ní ọ̀nà tí ó ń gbà ṣàn jáde. Bí ọ̀nà náà bá ń dí díẹ̀díẹ̀, bí gọ́tà tí pàǹtí ń dí, omi yóò máa kó jọ sínú, yóò sì máa tẹ iṣan tí ó ń gbé ìríran láti ẹ̀yìn ojú lọ sínú ọpọlọ. Iṣan náà yóò máa kú ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, fọ́nrán tí ó bá sì kú kì í jí. Etí ìríran ni ó sábà ń kọ́kọ́ jẹ, kì í ṣe àárín. Ẹni tí ó ní in lè máa ka Bíbélì tàbí Kùránì, ó lè máa ti okùn bọ abẹ́rẹ́, nígbà tí ìhà ọ̀tún àti òsì ìran rẹ̀ ti ń ṣú. Ojú ọ̀tún a máa bo àṣírí ojú òsì, ọpọlọ a sì máa bá àwọn méjèèjì bò ó.

Ní Ọ̀yọ́, mo mọ bàbá kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ igbá fínfín. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ra igbá Ọ̀yọ́ rí mọ̀ bí ilà orí rẹ̀ ti máa ń tín-ínrín tó. Bàbá yìí ti lé ní 60 ọdún, kò lo awò ojú, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ṣì. Ohun tí àwọn ará ilé kọ́kọ́ rí ni pé ó ń fẹsẹ̀ gbá igbá omi tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn aládùúgbò ní ó ti ń gbéraga, pé bí àwọn bá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá kì í yíjú sí àwọn. Ìyàwó rẹ̀ gbà pé ọjọ́ ogbó ni. Ẹlòmíràn nínú ẹbí ní ayé ni, ó sì tilẹ̀ ti ń fojú sí ara arúgbó obìnrin kan ní agboolé. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, ojú ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, ti òsì sì dà bí ti ẹni tí ó ń yọjú wo ìta láti inú ọparun. Dókítà ṣe àlàyé fún un pé òun lè bá a di èyí tí ó kù mú, ṣùgbọ́n òun kò lè dá èyí tí ó ti lọ padà. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, “Ṣé kò yẹ kí ó ti dùn mí ni, dókítà?”

Ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi, bóyá nítorí pé iṣẹ́ mi ni láti máa yẹ ọ̀rọ̀ wò. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń lò fún àìríran ni “fọ́”: ojú rẹ̀ fọ́, ó fọ́jú, afọ́jú ni. Bí a ti ń sọ ọ́ nípa ìkòkò náà nìyẹn. Ìkòkò kì í sì í fọ́ kí ó má dún. Ohun tí ó bá fọ́, ìṣẹ́jú kan ni ó fọ́. Ó ti wà ní pípé kí ìṣẹ́jú náà tó dé. Àti pé ohun tí ó bá fọ́, a máa ń béèrè ẹni tí ó fọ́ ọ. Ibẹ̀ ni a ti ń dé ọ̀dọ̀ arúgbó obìnrin tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Glọkómà kì í fọ́ ojú. Ó ń jẹ ẹ́, bí ikán ti ń jẹ òpó ilé: ọ̀dà ṣì wà lára òpó, inú rẹ̀ ti di òfìfo. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni a ní kí n fún un lórúkọ, ikán ojú ni n bá pè é. Ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀wé kan kò lè dá sọ nǹkan lórúkọ fún odidi ìran Yorùbá.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìwádìí 2005 sí 2007. Nínú 100 ènìyàn tí ó ti tó 40 ọdún, 5 ni ó ní glọkómà. Àwọn 682 tí wọ́n rí i lára wọn, 38 péré ni ó mọ̀ pé òun ní in kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdá kan nínú márùn-ún wọn ni ojú wọn ti fọ́ tán. Ìwádìí náà sì fi hàn pé ó wọ́pọ̀ láàrin àwa Yorùbá àti àwọn Ìgbò ju bí ó ti wọ́pọ̀ láàrin ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn lọ. Ohun tí mo ní ó fẹ́ràn ilé wa nìyẹn. Ní erékùṣù Barbados ní òdìkejì òkun, níbi tí a ti kó àwọn baba ńlá ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lẹ́rú, àwọn oníwádìí rí i lára nǹkan bí 7 nínú 100 àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó ti lé ní 40 ọdún. A ń jogún ilẹ̀, a ń jogún oríkì, a sì ń jogún èyí náà. Ẹni tí ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ bá ní in, ewu tirẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ dáadáa.

Nígbà náà, kí ni à ń pè ní àyẹ̀wò ojú? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kí a ka lẹ́tà lára ògiri ni. Herman Snellen, dókítà ará Họ́láńdì, ni ó ṣe pátákó lẹ́tà náà ní 1862, ó sì wúlò púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí glọkómà ti jẹ ìdajì ìran rẹ̀ lè kà á dé ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá kí ó sì padà sílé pẹ̀lú ayọ̀. Ó kù kí dókítà wo inú ojú. Ohun èlò tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn ojú láti inú ọmọlójú ti wà láti 1851, nígbà tí Hermann von Helmholtz ṣe é ní Jámánì. Òun ni dókítà fi ń rí orí iṣan tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, bóyá ó ti ń jìn kòtò. Yóò tún wọn agbára omi inú ojú. Òmíràn a máa fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí ojú. Òmíràn a máa fi nǹkan kékeré kan ẹyinjú lẹ́yìn tí a bá ti kán oògùn tí kì í jẹ́ kí ó mọ̀ ọ́n lára. Àwọn kan wà tí agbára omi ojú wọn kò ga tí iṣan wọn sì ń kú síbẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá wọn omi nìkan kò tí ì parí iṣẹ́. Bí ó bá fura, yóò ní kí ẹ gbé àgbọ̀n lé orí ẹ̀rọ kan, kí ẹ máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkígbà tí ẹ bá rí iná kékeré ní ẹ̀gbẹ́. Kò sí abẹ níbẹ̀, kò sì sí ìrora. Ohun kan ni kí ẹ mọ̀: bí wọ́n bá kán oògùn tí ń la ọmọlójú, ìran yóò ṣe bàìbàì fún wákàtí díẹ̀, nítorí náà kí ẹ má ṣe fi ọ̀kadà tàbí mọ́tò dá ara yín lọ síbẹ̀.

Mọ́tò tí mo dárúkọ yìí mú mi rántí ọ̀nà tí ó so àwọn ìlú wa méjèèjì pọ̀. Láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ, kò sì sí agboolé tí kò mọ ẹni tí jàǹbá ọ̀nà náà ti kàn. N kò sọ pé ojú awakọ̀ ni ó ń fa gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ ní ẹjọ́ láti rò, àwọn tirela náà sì ní tiwọn. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí glọkómà ti jẹ etí ìran rẹ̀ ń rí tirela tí ó wà níwájú, kò sì rí ọmọ tí ó ń sáré bọ̀ láti inú igbó. Ẹni tí ó bá ka lẹ́tà lára ògiri fún un kí ó tó gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ kò tí ì mọ ìyẹn. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ní gáréèjì méjèèjì gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò fúnra wọn.

Kì í ṣe pé ibi tí a óò lọ jìnnà. Ní 1907 ni Dókítà George Green, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ara iṣẹ́ rẹ̀ ni ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi ti dìde, èyí tí ó di ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Bowen ní 2009. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti LAUTECH náà wà ní ìlú kan náà. Ará Ọ̀yọ́ lè lọ síbẹ̀, ó sì lè kọjú sí Ìbàdàn, níbi tí UCH ti ṣílẹ̀kùn ní 1957. Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ wà tí a dá sílẹ̀ ní 1977 láti máa kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò máa kọ́ àwọn afọ́jú, àwọn adití àti àwọn aláàbọ̀ ara mìíràn. Àwọn afọ́jú pẹ̀lú ń kàwé níbẹ̀ wọ́n sì ń di olùkọ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti lọ kì í ṣe ẹni tí ayé rẹ̀ ti parí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ̀rọ̀ mi bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ní ti àwọn ọmọdé, díẹ̀ ni n ó sọ. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyin Olurin ti Ìbàdàn tẹ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ jáde lórí ohun tí ń fọ́ ojú àwọn ọmọ Nàìjíríà. Éèyí sì wà nínú àwọn ọ̀tá tí àwọn dókítà ìgbà náà ń bá jà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ti dín in kù, epo pupa inú ọbẹ̀ wa náà sì ní ohun tí ojú ọmọ nílò nínú. Èyí tí ó kù ni ọmọ tí kò rí ara pátákó, tí olùkọ́ ń pè ní olódo. Awò ojú lásán ni oògùn rẹ̀. Awò ojú náà sì ni oògùn aránṣọ, ahunṣọ àti oníṣọnà awọ tí ó ti lé ní 40 ọdún tí ó wá ń na ọwọ́ jìnnà kí ó tó lè rí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ra awò lọ́wọ́ alákiri lè ríran tó láti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n alákiri kò wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ óò bi mí pé ìgbà mélòó ni kí a máa lọ. Ẹni tí ó bá ti pé 40 ọdún, bí nǹkan kan kò tilẹ̀ ṣe é, kí ó máa lọ ní ọdún méjì-méjì, ó pẹ́ tán. Ẹni tí ó ní in nínú ẹbí, tàbí tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, kí ó máa lọ lọ́dọọdún, kí ó má sì dúró de 40. Bí dókítà bá ní kí ẹ máa kán oògùn, kíkán náà kò ní tán, owó rẹ̀ kò sì kéré. Kì í jẹ́ kí ènìyàn ríran ju ti àná lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń pa á tì lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tí wọ́n ní kò ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni pé ti ọ̀la kò ní kéré sí ti òní. Bí owó oògùn bá wọ̀ yín lọ́rùn, ẹ sọ ọ́ fún dókítà ní gbangba, nítorí pé iṣẹ́ abẹ wà tí ó lè la ọ̀nà mìíràn fún omi náà.

Kí ẹ tó lọ, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè ta ni ojú rẹ̀ fọ́ nínú ẹbí, ní ìhà ìyá àti ní ìhà bàbá, àti ọjọ́ orí tí ó wà nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ọmọlójú rẹ̀ funfun, tàbí ó dúdú bí ti ẹni tí ó ń ríran. Ẹ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, kí ẹ mú un dání lọ fún dókítà.